Ọdẹ Lórí Ẹ̀gùn, Akọ̀pẹ Nínú Igbà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹran ìgbẹ́ lápá Ọjà'ba kì í béèrè ju nǹkan méjì lọ: irú ẹran wo ni, èló sì ni itan rẹ̀? Bí ìyá tó ń tà á bá ti lè fèsì pé, "Ẹtu ni o, àná ni wọ́n pa á," ìdúnàádúrà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tí í béèrè bóyá ilẹ̀ ni ọdẹ tó pa á dúró sí tàbí orí igi. Bẹ́ẹ̀, orí igi ni ọdẹ wà nígbà tó yìnbọn fún ọ̀pọ̀ nínú ẹran tó ti gba orí àtẹ ìgboro Ìbàdàn kọjá, tòun ti ìbọn lọ́wọ́, tòun ti oorun lójú, láìsí nǹkan kan tó so ó mọ́ ẹ̀ka tó jókòó lé.

Pèpéle igi yẹn là ń pè ní ẹ̀gùn. Ọdẹ tó lúgọ sórí rẹ̀ de ẹran, ó ń dẹ̀gùn nìyẹn. Àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ewu ìbọn, ewu ejò àti ewu iwin inú igbó. Ewu kí ọdẹ jábọ́ ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, bóyá torí pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ìtìjú fún akọni. Èmi rò pé òun ló yẹ ká kọ́kọ́ mójú tó. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé oògùn rẹ̀ ti wà nílé láti ọjọ́ pípẹ́. Akọ̀pẹ tí kì í pẹ́ lórí ọ̀pẹ kó tó sọ̀ kalẹ̀ ní igbà tó so òun mọ́ igi. Ọdẹ tó ń wà lórí igi láti àṣálẹ́ di ìdájí kò ní. Nígbà mìíràn, agbo ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde láàárọ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé orí igi ìgboro ni mò ń wí. Bí ẹ bá dúró lórí Òkè Mápó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, páànù tó ti dípẹtà ló kún ojú yín láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba. Ọdẹ tó bá ní òun ń dẹ̀gùn ní Bẹ̀yẹrúnká, èkúté ilé ló ń retí. Ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn, ẹni ilé àti oko ni. Agbo ilé rẹ̀ wà nígboro, abúlé rẹ̀ wà ní ọ̀nà Àkànrán, tàbí lápá Ìjàyè, tàbí létí igbó ọba Gámbàrí ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ tí ẹ ń bá pàdé nínú gbẹ́rí ọdẹ níwájú Mápó lọ́jọ́ ayẹyẹ ìlú, oko ni wọ́n ti máa ń lo ìbọn wọn. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ sì jókòó síbi tí igbó dúdú ti pàdé ọ̀dàn, nítorí náà ọdẹ ibẹ̀ mọ igi méjèèjì: igi gíga tí ẹ̀ka rẹ̀ jìnnà sílẹ̀, àti igi ọ̀dàn kúkúrú tí ẹ̀ka rẹ̀ ò tó gba ẹni méjì.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dẹ̀gùn kò ṣòro láti ṣàlàyé, ó kàn ṣòro láti ṣe ni. Ọdẹ á kọ́kọ́ wá igi tí èso rẹ̀ ń bọ́: ìyeyè, òro, ọ̀pọ̀tọ́, àgbálùmọ̀. Ẹtu, àgbọ̀nrín àti túùkú á máa wá ṣà á jẹ lálẹ́, ẹsẹ̀ wọn á sì hàn lórí ilẹ̀ rírọ̀. Kì í ṣe orí igi eléso yẹn gan-an ni gbogbo ọdẹ ń gùn. Ọ̀pọ̀ a yan èyí tó kọjú sí i, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹran bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn. Á wá ibi tí ẹ̀ka méjì ti pínyà, á tẹ́ ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta sí i ní ìbú, á fi ìtàkùn tútù dì í. Á fi ewé díẹ̀ bo iwájú. Kí oòrùn tó wọ̀ ló ti gbọ́dọ̀ gòkè, kí òórùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ lè fẹ́ lọ kí ẹran tó jáde.

Èrè ibẹ̀ pọ̀. Òórùn ara ọdẹ á máa gba òkè kọjá lórí ẹran. Ojú ọdẹ á ríran jìnnà. Èyí tí àwọn tó ń bú ẹ̀gùn kì í sábà rántí ni pé ọta tí ọdẹ yìn láti òkè, ilẹ̀ ló ń wọ̀ sí. Ìbọn ẹni tó dúró nílẹ̀ lè ta ẹran nù kó lọ bá ẹni tó ń bọ̀ láti oko ẹmu. Nípa ti aládùúgbò, nígbà náà, kò sí ọ̀nà ìdọdẹ tó dára ju ẹ̀gùn lọ. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀gùn ń pa.

Báwo ló ṣe ń pa á? Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn ọdẹ tó jábọ́, ẹ fetí sí àkókò tó ṣẹlẹ̀. Díẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọdẹ jókòó jẹ́ẹ́ tí ojú rẹ̀ là. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń gòkè tí ìbọn àti àpò gba ọwọ́ kan, tó jẹ́ pé ọwọ́ kan péré ló kù fún igi. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń kúrò lórí ẹ̀ka bọ́ sórí ẹ̀gùn, torí ẹsẹ̀ kan wà níbí, ọ̀kan wà lọ́hùn-ún, kò sì dá a lójú èwo nínú méjèèjì ló lè gba ara rẹ̀.

Ó tún ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oorun bá dé, oorun kò sì mọ akọni. Ọdẹ tó ti ro oko láàárọ̀, tó gun igi nírọ̀lẹ́, yóò tòògbé láàárín òru, àgàgà bí òtútù bá mú tó sì fi aṣọ bora. Ẹni tó sùn lórí àga á jí nígbà tí orí rẹ̀ bá ṣubú síwájú. Ẹni tó sùn lórí ẹ̀gùn, orí náà ló ń fa ara tẹ̀ lé e.

Ìbọn tún ń ti èèyàn sẹ́yìn. Ṣakabùlà tí ọdẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki ẹ̀tù sí, kò sí òṣùwọ̀n tó dá a lójú. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, èjìká á gbà á bí ẹni tí wọ́n fi igi gún. Nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan á yẹ̀ sẹ́yìn, ó parí. Lórí ọ̀pá mẹ́ta, kò síbi tí ẹsẹ̀ máa yẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ á dé. Ẹran ti ṣubú, ó ń jà pìtìpìtì nísàlẹ̀, ọdẹ sì fẹ́ tètè sọ̀ kalẹ̀ kó má baà dìde sá lọ. Ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri láti alẹ́ kò tíì jí, ojú tí iná ìbọn ti bà jẹ́ kò tíì ríran, ọwọ́ ń gbọ̀n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ẹran tí ọdẹ pa léwu fún un ju èyí tó tàsé lọ. Ẹ má gbàgbé àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí kò lórúkọ nínú ìtàn: tanpẹ́pẹ́ tó gba inú ṣòkòtò wọlé, oyin tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó wà nínú ihò igi, òjò tó sọ èèpo igi di ọ̀bọ̀rọ́.

Igi àti ìtàkùn náà ní tiwọn. Ìtàkùn tútù máa ń mú dáadáa ní ọjọ́ tí wọ́n dì í, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, tí ìdè rẹ̀ ń dẹ̀. Ẹ̀gùn tí ọdẹ so ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tó padà wá gùn lẹ́ẹ̀rùn nígbà tí ìgbẹ́ ti mọ́ tónítóní, kì í ṣe ẹ̀gùn kan náà mọ́. Ikán ti lè jẹ ọ̀pá rẹ̀ láti inú, kí èèpo ṣì wà lóde bó ṣe wà. Igi tó fúyẹ́ bí ahùn kì í fúnni ní ìkìlọ̀ kó tó dá. Ẹ̀ka tútù tó le máa ń dún kó tó yà, èyí tó ti gbẹ sórí igi kì í dún. Àwọn àgbà mọ gbogbo èyí, wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ gún ẹ̀ka wò kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń dọdẹ lónìí kò kọ́ṣẹ́ débẹ̀. Wọ́n ra tọ́ọ̀ṣì, wọ́n yá ìbọn, ó tán.

Ibi tí èmi àti àwọn àgbà ti ń pínyà ni ìdí tí wọ́n ń sọ pé ọdẹ fi jábọ́. Ní agbo ilé ọdẹ, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ọdẹ kì í ṣàdédé jábọ́, ọwọ́ kan ló tì í. Wọ́n lè ní àwọn ayé ni. Wọ́n lè ní ó jẹ èèwọ̀ Ògún. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n yíjú sí ìyàwó rẹ̀ pé kò pa ara rẹ̀ mọ́ nígbà tí ọkọ wà nígbó. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ́ egungun ẹ̀yìn á tún wá máa jẹ́jọ́ lórí ìtàkùn tí kò mọ̀ pé ó já. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù nílé, kò sẹ́ni tó máa padà lọ sí ìdí igi láti wo ibi tí okùn ti já. Níbi ìpà ọdẹ náà, nígbà tí wọ́n bá ń sun ìrèmọ̀jé fún olóògbé, ìwà akin rẹ̀ là ń gbọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ló ku ká wá síbòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oògùn ìṣọ́ra. Ọdẹ ń gbé egbé sára, pé bí ewu bá dé á gbé òun lọ síbi ààbò. Ó ń gbé àféèrí, ó ń gbé ayẹta. Ẹ jẹ́ ká gbà pé gbogbo wọn ń jẹ́. Ọdẹ kan náà tó gbé egbé sára kì í tìtorí rẹ̀ fi ìbọn sílẹ̀ sílé, kì í tìtorí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹ̀gún. Kí ló dé tó jẹ́ orí ẹ̀gùn nìkan ni oògùn ti gba ipò okùn?

Ọ̀rọ̀ ìjábọ́ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìṣirò àwọn tó fara pa nídìí ìdọdẹ àgbọ̀nrín láàárín 1979 sí 1989. Wọ́n rí i pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó jẹ́ pé ẹ̀gùn ló fà á, ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé ìbọn ni gbogbo ayé rò pé ó ń pa ọdẹ. Ní Papua New Guinea, dókítà kan tó ń jẹ́ Peter Barss kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1984 lórí àwọn ará oko tó ń jábọ́ láti orí igi àgbọn àti igi eléso mìíràn. Ìjábọ́ yìí wà lára ohun tó ń gbé àwọn tó fara pa lọ sílé ìwòsàn jù lágbègbè náà. Àwọn ará Íńdíà ní ẹ̀gùn tiwọn tí wọ́n ń pè ní machan, orí rẹ̀ ni ọdẹ tó ń jẹ́ Jim Corbett ti lúgọ de ọ̀pọ̀ ẹkùn tó ń pa èèyàn jẹ. Corbett yìí kan náà, nígbà ogbó rẹ̀ ní Kenya, ló ń ṣọ́ àkàbà lóru ọjọ́ tí ọmọ ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sùn sí ilé orí igi Treetops ní oṣù kejì 1952. Òru yẹn ni bàbá ọmọbìnrin náà kú tí òun sì di ọbabìnrin. Mi ò tíì rí ọdẹ Ìbàdàn tí ẹlòmíràn ń bá ṣọ́ àkàbà ẹ̀gùn rẹ̀.

Ní Jámánì ni mo ti rí òfin tó wù mí jù. Àjọ adójútòfò tó wà fún àgbẹ̀ àti ọdẹ níbẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdẹ gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀gùn wò kó tó gùn ún nígbà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọta kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìbọn nígbà tó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀. Ẹ̀gùn tí wọn kò lò mọ́, kí wọ́n tú u palẹ̀. Kò sí ohun ìyanu kan níbẹ̀, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Olówó ìdójútòfò ló ṣe é, torí òun ló ń san owó ilé ìwòsàn. Níhìn-ín, ẹbí ọdẹ ló ń san án, ẹbí ò sì ní òfin tó kọ sílẹ̀.

Àmọ́ ibì kan wà tí òfin Jámánì kò ti bá ṣakabùlà mu, ẹni tó bá sì kàn kó o wá fún ọdẹ wa láìrò ó, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi í rín. Ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín, ìṣẹ́jú kan tó láti yọ ọta rẹ̀ jáde, kó o gòkè, kó o tún kì í bọ̀ ọ́. Ṣakabùlà, ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Ẹ̀tù lọ sísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ wọlé, ọta tẹ̀ lé e, wọ́n fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti kì í tán, kò rọrùn láti tú u àfi kí wọ́n yìn ín. Ta ló fẹ́ jókòó sórí ọ̀pá mẹ́ta kó máa fi ọ̀pá gún ẹ̀tù nínú ìbọn tó gùn tó ènìyàn? Ìdí nìyẹn tí ọdẹ wa fi ń gbé ìbọn kíkì gun igi. Kì í ṣe òmùgọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì jìnnà. Iná ni ṣakabùlà ń fẹ́ kó tó dún. Èyí tó ń lo òkúta, ẹ̀tù díẹ̀ tó wà lójú ìbọn ló ń gba iná wọlé. Èyí tó ń lo kóró kékeré tó dà bí fìlà, òun ló ń ṣẹ́ iná. Kí ọdẹ ki ìbọn rẹ̀ nílẹ̀ bó ti ń ṣe, ṣùgbọ́n kó má da ẹ̀tù sójú rẹ̀, kó má sì fi fìlà yẹn dé e. Kó so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìbọn lọ́nà tí ẹnu rẹ̀ á fi kọjú sílẹ̀, kó fi ìbọn sílẹ̀ nídìí igi, kó fi ọwọ́ méjèèjì gòkè. Bó bá ti jókòó tó ti so ara rẹ̀, kó wá fa ìbọn náà sókè, kó tó fi ẹ̀tù tàbí fìlà sí i. Nígbà tó bá ń sọ̀, kó yọ ọ́, kó rọ ìbọn sílẹ̀ ṣáájú ara rẹ̀. Ìyẹn kò mú un dà bí ìbọn tí kò lọ́ta, ó kàn mú un jìnnà sí ìjàǹbá ni. Bí wọ́n bá sì ń fà á, kí orí àti ẹsẹ̀ wọn má ṣe wà ní ọ̀kánkán ẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí igbà. Ẹ wo akọ̀pẹ dáadáa lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé abúlé. Kí ó tó gòkè, á na igbà rẹ̀, á fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí, á dúró síbi tó ń ha ara ọ̀pẹ, torí ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ họ. Á gbá a yí ọ̀pẹ ká, á gbà á sẹ́yìn ara rẹ̀, á so ó. Á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ara ọ̀pẹ, díẹ̀ báyìí sí ilẹ̀, á fẹ̀yìn tì í pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Bó bá máa já, kó já níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á sún ara mọ́ igi, á ju igbà sókè, á gbẹ́sẹ̀ méjì, á tún fẹ̀yìn tì. Nígbà tó bá dé orí ọ̀pẹ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti ṣófo fún àdá. Òṣìṣẹ́ iná mànàmáná tó gun òpó ní Bẹẹrẹ tí iná bá bàjẹ́ ń ṣe ohun kan náà: bẹ́líìtì ló gbá òpó mọ́ ọn, ó fẹ̀yìn tì, ó ń fi ọwọ́ méjì tú wáyà, àwọn tó ń ta iṣu nísàlẹ̀ ò sì gbé orí sókè wò ó. Ìmọ̀ kan náà ni. Ará oko ló kọ́kọ́ ní in.

Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn pé igbà kò wúlò fún ọdẹ torí pé ọ̀pẹ kò ní ẹ̀ka, igi ọdẹ sì kún fún un. Òótọ́ wà níbẹ̀. Igbà kò lè kọjá níbi tí ẹ̀ka bá ti yọ, kò sì lè yí ìdí àràbà ká. Fún gígòkè lórí irú igi bẹ́ẹ̀, àkàbà ló yẹ, tàbí kí ọdẹ so okùn kúkúrú méjì, kó máa so ọ̀kan lókè ẹ̀ka kó tó tú èkejì. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn yìí gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ewu wà níbi ìjókòó. Níbẹ̀, kò sí ẹ̀ka tó ń dí okùn lọ́wọ́. Okùn kúkúrú tó yí igi ká ní ẹ̀yìn ọdẹ, tó sì gba ara rẹ̀ mọ́ra, ti tó láti dá ẹni tó ń tòògbé padà kí orí rẹ̀ tó fà á lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn igbà ni pé kì í dúró de ìgbà tí èèyàn bá jábọ́. Ó ń dá a dúró kó má jábọ́ rárá. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí ìdira tí àwọn Amẹ́ríkà ń lò, èyí tó gba èjìká, àyà àti itan, tí okùn kan sì ti ẹ̀yìn ọrùn so ó mọ́ igi lókè orí. Ìdira yẹn ń mú ẹni tó ti jábọ́. Ó dára, ó ju ohunkóhun tí a ní lọ fún ìyẹn, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gbé e ṣeré. Ní ìgbà kan, bẹ́líìtì ìbàdí lásán ni àwọn ọdẹ ọ̀hún ń lò, wọ́n pa á tì nígbà tí wọ́n rí i pé ó lè fún ẹni tó bá jábọ́ sínú rẹ̀ láti òkè pa, tàbí kí ó ṣẹ́ ẹ ní egungun ìhà. Èyí kan igbà náà: bí ọdẹ bá so ó gbọ̀ọ̀rọ̀, tó fi lè jábọ́ jìnnà kó tó mú un, ìbàdí ló máa gba gbogbo rẹ̀. Kúkúrú ni kó jẹ́, kó má fàyè sílẹ̀. Ìdira gan-an sì ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó so rọ̀ láìlè mira, ẹ̀jẹ̀ á dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, á dákú, ó sì lè kú bí kò bá tètè rí ẹni gbé e sọ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi okùn kékeré kan kún un tí onítọ̀hún á ki ẹsẹ̀ bọ̀, kó lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Àwọn kan ti ní kí á ra bẹ́líìtì ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Gáàtì, kí á fún aránṣọ rán an pọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Oòrùn ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú bẹ́líìtì wọ̀nyẹn, ojú kò sì lè rí i. Òwú aránṣọ aṣọ kì í ṣe òwú tó ń gbé ènìyàn. Ọdẹ tó bá lè rí ìdira tòótọ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, kó gbà á kó sì lò ó. Ẹni tí kò rí, kó lọ bá akọ̀pẹ abúlé rẹ̀, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi hun igbà kan." Bó bá jẹ́ okùn ọ̀rá ló rà ní Ọjà'ba, kó ra èyí tó nípọn, tuntun, kó má lo èyí tó ti fi di ẹrù tàbí fa kànga.

Ó ku àwọn tó ní ká pa ẹ̀gùn tì pátápátá. Wọ́n ní ayé ẹ̀gùn ti lọ, tọ́ọ̀ṣì orí ti dé. Ọdẹ lè rìn nígbó lóru kó máa fi iná wá ojú ẹran. Òótọ́ ni pé ẹ̀gùn ń dín kù. Àwọn agégi ti gé ọ̀pọ̀ igi tó yẹ fún un, ní igbó ọba Gámbàrí pàápàá, igi tíìkì àti melaina tí wọ́n gbìn dúró gbọn-in lọ sókè láìsí ibi tí wọ́n lè tẹ́ ọ̀pá sí. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ti wọ ikọ̀ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020, wọn kò ráyè ẹ̀gùn mọ́. Ṣùgbọ́n ọdẹ méjì tí ń rìn nígbó kan náà lóru, tí iná ń bẹ níwájú orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ewu wọn sí ara wọn ju ti ẹ̀gùn lọ. Ẹni tó jábọ́, ara rẹ̀ ló ṣe. Mo yan ẹ̀gùn, pẹ̀lú okùn.

Okùn nìkan kò sì tó bí kò bá sí ẹni tó mọ igi tí ọdẹ wà. Ẹni tó jábọ́ lágogo mọ́kànlá òru tí wọ́n rí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kì í ṣe ìjábọ́ nìkan ló ń ṣe é. Kí ọdẹ sọ fún ẹnì kan nílé, kì í ṣe "mò ń lọ sóko" bí kò ṣe igi náà gan-an àti àkókò tó máa padà. Kó fi mọ̀rìwò sójú ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kí ọdẹ mìíràn lè mọ̀. Fóònù kò gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tó wà nísàlẹ̀ igi. Ara ọdẹ ni kó wà, níbi tí ọwọ́ kan á ti tó o. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọdẹ ló yẹ kí wọ́n ti máa sọ èyí, níbi tí olúọ́dẹ ti lè ní kí olúkúlùkù mú okùn rẹ̀ wá kí gbogbo ojú wò ó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wo ìbọn ara wọn.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, ọwọ́ tó kọ́kọ́ gbé ẹni náà ló ń pinnu bóyá á tún rìn. Ohun tí a sábà ń ṣe ni pé ẹni méjì á gbá a mú lápá àti lẹ́sẹ̀, á jókòó sáàárín wọn lórí ọ̀kadà, ọrùn rẹ̀ á máa mì lórí gbogbo kòtò títí dé títì. Egungun ẹ̀yìn tó kàn sán lè tipa bẹ́ẹ̀ gé okùn inú rẹ̀. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú láìjẹ́ kó yí, kí wọ́n béèrè bóyá ó ń mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára. Kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn abúlé tàbí pákó gbọọrọ, kí wọ́n sún un sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n dì í mọ́ ọn, kí wọ́n wá ọkọ̀ tó lè gba pákó náà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun. Apá àti ẹsẹ̀ tó kán, wọ́n ti bá ọ̀pọ̀ ṣe é. Ẹ̀yìn àti ọrùn kì í ṣe tiwọn. Ilé ìwòsàn ńlá UCH wà ní Ìbàdàn, níbi tí Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Yorùbá tó ní orúkọ ilé ọdẹ, ti dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀ ní 1962. Láti abúlé dé ibẹ̀ kò rọrùn lóru. Ó dára kí wọ́n ti mọ ẹni tó ní ọkọ̀ lábúlé kí alẹ́ tó lẹ́.

Ohun kan tún kù tí kì í ṣe ti ọdẹ nìkan. Ìgbẹ́ abúlé kún fún ẹ̀gùn tí ẹni tó so wọ́n ti kú tàbí ti wọ ìgboro tí kò padà mọ́. Ọmọ tó lọ ṣa àgbálùmọ̀ á rí ọ̀pá tó tò lórí igi, á gùn ún torí ó rò pé ẹnì kan ti dán an wò. Ọdẹ àjèjì tó ṣìnà lóru á rí i, á dúpẹ́, á gòkè. Ẹgbẹ́ tó bá máa bẹ̀rẹ̀ níbì kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: kí wọ́n mú àdá àti àkàbà lọ lọ́jọ́ ọ̀sán kan lẹ́ẹ̀rùn, kí wọ́n gé ìdè gbogbo ẹ̀gùn tí kò lólúwa, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀pá wọn já wálẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.